Igbe Adelé Lábẹ́ Àtẹ̀gùn

Orí tábìlì ṣófo. Wáyà ẹ̀rọ náà nìkan ló kù, tó ń rọ̀ lára ògiri bí ìrù eku tí ológbò ti jẹ ìyókù ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún ni, èyí tó ṣeé gbé káàkiri bí àpò ọmọ ilé-ìwé, kò sì tíì pẹ́ rárá tí ilé ìwòsàn náà rà á. Àná ni wọ́n jí i, lójú ọ̀sán, nígbà tí iná lọ. Kámẹ́rà wà lókè ẹnu ọ̀nà yàrá náà, kámẹ́rà wà ní kọ́rídọ̀, kámẹ́rà wà ní àgbàlá, àmọ́ gbogbo wọn ti fọ́jú kí olè tó gbé ẹsẹ̀ kan.

Ọ̀gá mi dúró níwájú tábìlì òfìfo yẹn, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Abẹ́rẹ́ la máa ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin náà tín-ín-rín débi pé tí ìjì bá ń jà, èmi ni mo máa ń di apá ẹ̀ mú kí ó má baà bá ara ẹ̀ lórí òrùlé onílé. Àmọ́ irọ́ tó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì mẹ́wàá, á gún un já sí òdìkejì. Èmi ni mò ń wa mọ́tò fún un. Aláròyé ló ń pè mí. Mi ò mọ ohun tó rí.

"Ta ló rí ẹ̀rọ yìí kẹ́yìn?" ó béèrè.

"Èmi ni." Dókítà Àgbà ló dáhùn, ìyá alára tó ni ilé ìwòsàn náà. "Mò ń fi wo aláboyún kan lọ́wọ́ ni iná lọ. Mo ní kó dìde, a jọ bọ́ síta níbi tí atẹ́gùn wà. Gbogbo èèyàn ló jáde. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí."

A mọ̀. Tí iná bá lọ, èèyàn á ní, "Wọ́n ti mú un lọ," á wá ibòji kan jókòó sí, á máa fi bébà fẹ́ àyà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí wọ́n mú un lọ. Ó dà bí ọkọ tó máa ń rìnrìn àjò, tí ìyàwó ti gbà fún Ọlọ́run.

"Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?"

"Yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan ló wà fún. Kámẹ́rà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Adelé ló ń gbé wọn ró."

"Ta ni Adelé?"

"Ẹ̀rọ oníbátìrì ni," ohùn ọkùnrin kan wí lẹ́yìn wa.

Alákòóso ilé ìwòsàn náà nìyẹn, àbúrò ọkọ Dókítà Àgbà. Ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ funfun, bàtà ẹ̀ sì ń dán débi pé mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo rí ẹran tó há sí mi léyín láti àná.

"Yàrá kékeré kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn," ó ní. "Àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ká àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀ wà níbẹ̀, Adelé náà wà níbẹ̀. Tí iná bá lọ, Adelé á gba ipò ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oṣù tó kọjá la pààrọ̀ bátìrì inú ẹ̀. Àná iná lọ, kò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹnì kan ló pa á. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn."

Ó fi àgbọ̀n júwe ọmọbìnrin kan tó fẹ̀yìn ti ògiri. Wáyà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí òun ló ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Ojú ẹ̀ pọ́n bí ata.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi í fúnra wọn," Dókítà Àgbà sọ fún Alákòóso.

"Ìyàwó wa, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ bi? Kí wọ́n mú un lọ, ó parí."

Dókítà Àgbà mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Tẹ́ ò bá rí ẹlòmíì kí a tó ṣíwọ́ lónìí, ẹ máa mú un lọ, mà. Mi ò lè gbé olè sílé àwọn aláìsàn. Iṣẹ́ ẹ̀ náà sì tán nìyẹn."

Wáyà di kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ọrùn mú, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

*

Yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn ò ju àpótí aṣọ lọ. Abẹ́rẹ́ wọlé, Wáyà wọlé, èmi ní tèmi wọ ìdajì, mo fi ìdajì yòókù sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀. Àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣẹ́jú wínní-wínní lára ògiri. Nísàlẹ̀, àpótí irin dúdú kan jókòó bí ìyá ọkọ. Adelé nìyẹn.

"Ìwọ lo pa á?" Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Rárá, mà."

"Ó kú fúnra ẹ̀?"

"Kò lè kú fúnra ẹ̀, mà. Bátìrì tuntun ló wà nínú ẹ̀."

"A jẹ́ pé ẹnì kan ló pa á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

"Èmi nìkan ni, mà."

Ọmọ yìí! Ó kù díẹ̀ kí n fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo ti rí olè tí wọ́n ká mọ́ inú àpótí owó, tó ní òun wá ibi tí òun á sùn sí ni. Èyí ò jí nǹkan kan, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n fún ara ẹ̀.

"Níbo lo wà nígbà tí iná lọ?"

"Mo wà nígboro, mà. Àárọ̀ ni wọ́n ti rán mi láti ọ́fíìsì pé kí n lọ wá wáyà tuntun fún àwọn yàrá òkè. Ìgbà tí mo máa fi dé, ariwo ti ta."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ọrùn mi ló wà, mà. Mi ò kì í yọ ọ́."

Abẹ́rẹ́ wo Adelé, ó wò mí. "Aláròyé, yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀ lára ògiri."

Mo yọ ọ́. Igbe ló bú sí mi létí. "Píìì! Píìì! Píìì!" Mo fò sókè, orí mi gbá abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹni tó ń gorí àtẹ̀gùn lọ́wọ́ ní, "Ẹ wọlé!" Àmọ́ gbogbo iná wínní-wínní ara nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì ń ṣẹ́jú. Ọ̀kan ò kú.

"Igbe ẹ̀ nìyẹn," Wáyà ní. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ó ń sọ fún wa pé òun ò rí iná gbà láti ara ògiri mọ́, agbára ara òun lòun ń ná. Kò ní dákẹ́, àfi tí iná bá dé, tàbí tí agbára bá tán nínú ẹ̀."

"Jẹ́ kó máa ké," Abẹ́rẹ́ wí. "A ó padà wá gbọ́ ọ."

*

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì, Sójà ni wọ́n ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, àmọ́ irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì gbọ́. Irun kọ̀ọ̀kan dá dúró ṣánṣán bí ẹni tó ń kí ọ̀gágun. Ìgbà tí Abẹ́rẹ́ béèrè bí òun àti Wáyà ṣe jẹ́, kò fi pamọ́.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Èmi ni mo mú un wá síbí. Èmi ni mo lọ bẹ Dókítà Àgbà kó gbà á síṣẹ́."

"Ẹ wà lẹ́nu géètì ní gbogbo ìgbà tí iná fi lọ?"

"Mi ò kúrò. Mi ò tọ̀ pàápàá."

"Ta ló gbé ẹrù jáde?"

"Kò sí."

"Àpò ńkọ́? Láílọ́ọ̀nù? Ìyá tó pọn ọmọ tí ọmọ náà le díẹ̀?"

"Kò sí, mà. Mo máa ń wo gbogbo ẹrù. Ẹ̀rọ yẹn ò gba géètì mi kọjá."

Ọgbà náà ò ní ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì ti fi gíláàsì fífọ́ yí orí ògiri ká. Ṣé ẹ rí bàbá yìí? Ká ní èmi ni, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wọ mọ́tò ọlọ́pàá, màá ní mo rí erin mẹ́ta tó gbé ẹ̀rọ náà lórí jáde, màá tún ṣàpèjúwe bàtà wọn. Òun, òótọ́ ni wọ́n bi í, òótọ́ ló sọ, ìyẹn sì tún fi ẹ̀bi kún ẹ̀bi Wáyà. Torí tí ẹ̀rọ ò bá jáde, ẹni tó jẹ́ pé bàbá ẹ̀ kékeré ló ń ṣọ́ géètì ló lè máa dúró de ìgbà tó wù ú láti gbé e jáde.

Alákòóso ti sọ bẹ́ẹ̀ ká tó kúrò níbẹ̀. Ojú fèrèsé ọ́fíìsì ẹ̀ lókè ló dúró sí. "Ẹ rí i báyìí? Ẹbí kan náà ni wọ́n!"

"Ọ̀gá, níbo lẹ̀yin wà nígbà tí iná lọ?" Abẹ́rẹ́ gbójú sókè.

"Ọ́fíìsì mi níbí! Mò ń ṣiṣẹ́!"

"Ooru ò mú yín?"

"Iṣẹ́ ò mọ ooru!"

Abẹ́rẹ́ ní ó ṣeun.

*

Mo lọ sẹ́yìn táǹkì omi lẹ́yìnkùlé láti ṣe ohun tí ọkùnrin máa ń lọ ṣe lẹ́yìn táǹkì. Ibẹ̀ ni mo ti fi ìka ẹsẹ̀ gbá nǹkan kan nínú koríko. Mo pariwo. Aláboyún mẹ́rin bímọ lójú ẹsẹ̀, àwọn tó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ jí, wọ́n tún sùn padà. Ìgbà tí omi kúrò lójú mi, mo rí i pé bátìrì ni, èyí tó tóbi, tó wúwo, tí wọ́n dà á dùbúlẹ̀ sínú koríko láìbò ó. Ta ló fi irú òkú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìsin?

Mo tiro padà sọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́, mo fi ìka mi hàn án. Ó ti wú tó ìgbá.

Ó wo ìka náà, ó wo Wáyà. "Àwọn bátìrì tẹ́ ẹ yọ lóṣù tó kọjá, ibo lẹ kó wọn sí?"

"Ẹ̀yìnkùlé, mà, lẹ́bàá ògiri. Mẹ́rin ni. Mo dì wọ́n sínú páálí àwọn tuntun, mo fi téèpù lẹ̀ wọ́n pa. Ẹni tó ń kó òkú bátìrì á wá kó wọn lónìí."

"Gbogbo wọn lo dì?"

"Gbogbo wọn, mà. Omi inú wọn máa ń jó èèyàn, àwọn ìyá sì ń mú ọmọ wá síbí. Mi ò lè fi ọ̀kan sílẹ̀ síta."

Abẹ́rẹ́ tún wo ìka ẹsẹ̀ mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú bí mi. Lójú tèmi, ẹ̀sín ló ń fi mí ṣe.

*

Ibi tí apòògùn ti ń fún èèyàn lóògùn, ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ló wà. Bá a ṣe dé ibẹ̀, a bá a tó fi òwú dí etí méjèèjì. Adelé ṣì ń ké. Ohùn ẹ̀ ò tilẹ̀ ha.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa nǹkan yìí!" apòògùn ké. "Ṣé ti àná ò tó mi ni?"

Abẹ́rẹ́ dúró sójú kan. Èmi ò dúró, mo ti kọjá lọ, mo tún padà.

"Àná, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké?"

"Àárọ̀ kùtù! Bí mo ṣe ń to oògùn ni. Ó ké, ó ké, ẹni tó wá ra oògùn ikọ́ ní kí n fi ti orí fífọ́ kún un. Èmi náà mu ún."

"Fáànù yín ń yí nígbà yẹn?"

"Ó ń yí, mà. Iná wà."

"Ìgbà wo ló wá dákẹ́?"

Apòògùn yọ òwú kan létí kó lè rántí dáadáa. "Ọ̀sán. Ó dákẹ́ wẹ́lo, mo ní, 'Ọlọ́run, o ṣeun.' Mi ò tíì gbádùn ìdákẹ́jẹ́ yẹn rárá tí wọ́n fi mú iná lọ."

"Ẹ ò sọ fún ẹnì kankan pé ó ń ké?"

"Mo gorí òkè lọ sọ ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, pé àwọn á pe Wáyà."

"Wọ́n pè mí?" Wáyà ní. "Fóònù mi ò dún rárá."

Èmi tí ilé-ẹ̀kọ́ lé jáde ṣáájú kí ìṣirò tó le, mi ò rí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí ju orí fífọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ ló wá bi mí léèrè.

"Aláròyé, kí ni Adelé máa ń ké fún?"

"Torí kò rí iná gbà lára ògiri."

"Àná láàárọ̀, iná wà nílé àbí kò sí?"

"Fáànù ń yí. Ó wà."

"Kí ló dé tó wá ń ké?"

Mo la ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí.

Wáyà ló pariwo. "Bọ́ọ̀dù iná! Ó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní súwíìṣì tiẹ̀ níbẹ̀. Wọn kì í tì í pa!"

Abẹ́rẹ́ ní kó padà ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri. Ó kì í, Adelé dákẹ́, ó ti ilẹ̀kùn padà. Èmi gorí òkè, mo wá súwíìṣì tí wọ́n kọ "abẹ́ àtẹ̀gùn" sí, mo tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. "Píìì! Píìì!" Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣì wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn Wáyà.

Mo tan súwíìṣì náà padà. Bí mo ṣe yíjú báyìí, Alákòóso ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀.

"Kí lò ń wá níbí?"

"Ilé ìyàgbẹ́, sà."

*

Abẹ́rẹ́ gòkè wá bá Alákòóso. Ó ní òun ti wá gbogbo ibi wò, òun ò rí ẹlòmíì. Ó ní tí wọ́n bá ṣíwọ́, òun á mú Wáyà lọ, ọ̀rọ̀ parí. Alákòóso ní ohun tí òun ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ débi pé mo rò pé kò ní fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

A bọ́ síta. Ojú mi wálẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé òótọ́ lẹ máa mú ọmọ yẹn?"

"Irun orí ẹ ti kún," ó dá mi lóhùn. "Wá, jẹ́ ká lọ gẹ̀ ẹ́."

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan kọjú sí géètì ilé ìwòsàn náà tààrà. Ọkùnrin náà fi mí jókòó, ó fi aṣọ dè mí lọ́rùn, ó ki kílípà bọ̀ mí lórí láti apá òsì. Abẹ́rẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú síta.

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Iná tó lọ àná yẹn á ti bà yín níṣẹ́ jẹ́."

"Iná wo, mà?"

"Ti ọ̀sán àná."

"Iná ò lọ àná o. Mo gẹrun títí, kílípà gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Orí alápàtà kan ni mò ń gẹ̀ lọ́wọ́ lọ́sàn-án, orí yẹn fẹ̀ tó pápá ìṣeré, kò dúró lẹ́ẹ̀kan."

"Ṣé wáyà kan náà ló ń gbé iná wá fún ẹ̀yin àti ilé ìwòsàn?"

"Láti orí òpó yẹn kan náà, mà. Tí tiwọn bá lọ, tèmi ti lọ. Mo tiẹ̀ rí gbogbo wọn tí wọ́n jáde wá jókòó lábẹ́ igi lánàá, mo rò pé ìpàdé ni wọ́n ń ṣe."

Mo fẹ́ yíjú, ó di orí mi mú. Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ilé ìwòsàn yẹn, dókítà, nọ́ọ̀sì, aláìsàn, tó fi dé orí ọmọ inú oyún, gbogbo wọn ní "wọ́n ti mú un lọ," kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wo òdìkejì títì bóyá iná wà níbẹ̀. Iná lílọ ti mọ́ wọn lára jù.

"Ta lẹ máa ń gẹrun fún níbẹ̀?" Abẹ́rẹ́ ṣì ń bi í, wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Alákòóso. Oníbàárà mi dáadáa ni. Tó bá ṣí ilé ìwòsàn tiẹ̀, ó ní èmi lòun á fún ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ẹ̀. Wọ́n ti kun gbogbo yàrá ẹ̀ tán, tàwọn aláboyún ló ní òun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ dìde. Ọkùnrin kan ń ti ọmọlanke jáde bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé ilé ìwòsàn náà, páálí mẹ́rin wà lórí ẹ̀.

"Aláròyé, dìde!"

"Ọ̀gá, ó ku apá ọ̀tún!"

"Dìde!"

*

Mo sáré sọdá títì, mo ní irun lápá ọ̀tún, mo párí lápá òsì, aṣọ onígbàjámọ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn mi bí ìyẹ́ igún. Ọmọdé kan bú sẹ́kún.

Sójà ti dá ọmọlanke náà dúró. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Òkú bátìrì, bàbá," ọlọ́mọlanke dáhùn.

"Jẹ́ kó máa lọ!" Alákòóso ń sáré bọ̀. "Èmi ni mo ní kó wá. Èmi ni mo tiẹ̀ bá a kó wọn sórí ọmọlanke."

Dókítà Àgbà ti gbọ́ ariwo, òun náà jáde. Wáyà tẹ̀lé e.

"Kò sí wàhálà," Abẹ́rẹ́ ní. "Mo kàn fẹ́ rí bátìrì wọ̀nyí kí wọ́n tó lọ, ká lè fi kún ọ̀rọ̀ Wáyà. Awakọ̀ mi ti fọ́ ìka ẹsẹ̀. Ọ̀gá Alákòóso, ẹ bá wa gbé ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó bá wù yín."

Páálí kan wà létí ọmọlanke gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún ẹ̀. Kò gbé e. Ó yí ọmọlanke po, ó dé òdìkejì, ó na apá wọlé, ó fa èyí tó wà lọ́hùn-ún jáde. Iṣan ọrùn ẹ̀ yọ bí okùn kànga. Ó gbé e sọ̀, ilẹ̀ mì.

"Ẹ ṣeun. Ẹ tún gbé ọ̀kan."

Ó tún yí i po. Ó gbé èkejì. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kan já, ó fò kọjá létí mi bí ọta.

"Ọ̀kan sí i."

Ẹ̀kẹta, òógùn ẹ̀ tó èyí tí wọ́n lè fi fọ mọ́tò. Ó nà dúró, ó di ìbàdí mú.

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ti rí i pé bátìrì ni."

"Ó ku ọ̀kan," Abẹ́rẹ́ wí. "Òun ló tiẹ̀ sún mọ́ yín jù látẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Aláròyé."

Mo tiro dé ibẹ̀. Mo tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, mo ya ẹsẹ̀, mo kó gbogbo agbára tí ìyá mi fi oúnjẹ rà fún mi jọ sí apá, mo fà. Páálí náà fò sókè bí ẹyẹ! Ó gbá mi ní àgbọ̀n, díẹ̀ ló kù kí n fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò wúwo ju ìrọ̀rí lọ.

Abẹ́rẹ́ ní kí Wáyà wá ṣí i. Ọmọbìnrin náà ya téèpù ẹ̀. Aṣọ ìbora ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rọ ìwoyún wà nínú ẹ̀ bí ọmọ tuntun.

"Bátìrì tó yẹ kó wà níbí," Abẹ́rẹ́ ní, "ó wà lẹ́yìn táǹkì. Ẹsẹ̀ awakọ̀ mi ló rí i."

"Wáyà ló dì wọ́n!" Alákòóso pariwo. "Òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀!"

"Òun ló dì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ṣí i lẹ́yìnkùlé, torí ọrùn ẹ̀ lẹ máa gbé e kọ́. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú wọn, èyí tó sún mọ́ ọn ló máa gbé. Ẹ gbé irin mẹ́ta kọjá lára ìyẹ́ kan. Kí lẹ ń sá fún lára ẹ̀?"

Alákòóso wo géètì. Sójà ti dúró síbẹ̀.

"Ẹ rán Wáyà nígboro láàárọ̀, ẹ pa súwíìṣì abẹ́ àtẹ̀gùn. Adelé ń ké, ó ń ná agbára ara ẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀. Apòògùn wá fi ẹjọ́ sùn yín, ẹ ní ẹ máa pe Wáyà. Ẹ ò pè é. Ẹ jókòó, ẹ ń tẹ́tí. Ìgbà tí igbe yẹn dákẹ́, ẹ mọ̀ pé kámẹ́rà ti kú."

"Kí ló tún wá pa iná ilé fún?" mo béèrè, torí ó ń dùn mí nínú.

"Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú tí iná ṣì wà, gbogbo èèyàn á máa pariwo Wáyà. Tí iná bá lọ, wọ́n á jáde lọ jókòó sábẹ́ igi, yàrá á ṣófo. Ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó pa iná gbogbo ilé, ó gbé ẹ̀rọ, ó dì í, ó tan iná padà. Àmọ́ ilé kan ṣoṣo ni iná lọ. Onígbàjámọ̀ ò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan."

Alákòóso yíjú sí Dókítà Àgbà. "Ìyàwó wa…"

"Ta ni ìyàwó ẹ?" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé obìnrin yìí wọ ilé wọn, "ẹ" ló ń pe àbúrò ọkọ ẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fi ọdún rẹpẹtẹ jù ú lọ. "Ìwọ. Ìwọ lo fẹ́ kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n." Ó yíjú kúrò lára ẹ̀. "Wáyà, jọ̀ọ́. Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ."

Sójà ṣí géètì fẹ̀ẹ̀ fún mọ́tò wa, ó sì kí Alákòóso tó wà lẹ́yìn mọ́tò bí wọ́n ṣe máa ń kí ọ̀gágun. Àmọ́ ó kọ́kọ́ yẹ ẹrù ọwọ́ ẹ̀ wò.

Mo ní kí Abẹ́rẹ́ jọ̀wọ́ dúró dè mí díẹ̀ kí n lọ parí orí mi. Mo jókòó. Onígbàjámọ̀ gbé kílípà sápá ọ̀tún. Kílípà ní "grrr," ó dákẹ́.

Iná ti lọ.

Láti òdìkejì títì, mo gbọ́ "Píìì! Píìì!" Adelé ti gba iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo àwọn ará ilé ìwòsàn rọ́ wá sẹ́nu géètì, nọ́ọ̀sì, apòògùn, aláboyún, Wáyà níwájú wọn, gbogbo wọn na ọrùn wo ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Mo yọ orí sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ìdajì irun, ìdajì párí.

"Ó lọ lóòótọ́!" Wáyà kígbe, wọ́n sì pa dà sẹ́nu iṣẹ́.